Kí ni Auto-Tune ń ṣe sí ohùn àwọn Perfume gan-an?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orin Perfume máa ń béèrè pé ṣé èèyàn ló ń kọ ọ́ ni àbí kọ̀ǹpútà. Èèyàn ni. Obìnrin mẹ́ta ni wọ́n, Nocchi, Kashiyuka àti A-chan, ọmọ agbègbè Hiroshima lórílẹ̀-èdè Japan. Láti ọdún 2000 tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ijó àti orin kan níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwo orin wọn tuntun, Nebula Romance, apá méjì ni: apá àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, èkejì sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé nítorí wọn ò mọ orin kọ ni wọ́n ṣe ń fi Auto-Tune, ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn olórin ṣe, bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Tí a bá la ẹnu kọrin, awọ kékeré méjì ló ń gbọ̀n nínú ọ̀fun wa. Bí wọ́n bá ṣe ń yára gbọ̀n tó ni ohùn ṣe máa ń lọ sókè tó. Tí wọ́n bá gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn yẹn ti bọ́ sórí ìró táwọn olórin fi ń tún ohun èlò wọn ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá di nǹkan bí 466, ó ti bọ́ sórí ìró tó tẹ̀ lé e lórí dùùrù. Láàárín 440 àti 466 yìí, dùùrù kò ní ohunkóhun tí ọwọ́ lè tẹ̀. Ọ̀fun èèyàn ní tirẹ̀ lè dúró sórí 445, ó lè dúró sórí 451, ó sì lè lọ sí 460, kí ẹni tó ń kọrin má tilẹ̀ fura.

Iṣẹ́ Auto-Tune ni pé kó tẹ́tí sí ohùn tó wọlé, kó ka bó ṣe ń gbọ̀n, kó wo èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ nínú àwọn ìró tí wọ́n ní kó lò fún orin náà, kó sì fa ohùn lọ síbẹ̀. Ohùn tó wà lórí 445 á padà sórí 440, èyí tó wà lórí 460 á gòkè lọ sí 466. Ó parí. Kì í yí ọ̀rọ̀ padà, kì í bá èèyàn mí, kì í sì í kọ́ ẹni tí kò mọ ìlù bí yóò ṣe bá ìlù rìn. Olórin tó pẹ́ wọlé, pípẹ́ náà ló pẹ́.

Ibi kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ti ń yan bó ṣe máa yára fa ohùn tó, ibẹ̀ sì ni gbogbo àṣírí wà. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá fi í sí 50 tàbí 100, ohùn á rọra yọ́ lọ síbi tó yẹ, olùgbọ́ ò sì ní mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ olórin tí ẹ rò pé wọn ò lo ẹ̀rọ kankan, bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í sí òdo, yíyọ́ ti tán. Ohùn á máa fò láti orí ìró kan bọ́ sórí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ohùn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ń rìn bíi gángan tí onílù ń fún mọ́ abẹ́ apá, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gígòkè àti sísọ̀ kalẹ̀ yẹn ni òdo pa rẹ́. Ìdí tí etí wa fi ń sọ pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, torí pé ọ̀fun èèyàn kan kò lè fò bẹ́ẹ̀ láìkọjá ní àárín.

Andy Hildebrand, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe Auto-Tune, ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Antares sì gbé e jáde ní 1997. Iṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: wọ́n á rán ìró sínú ilẹ̀, wọ́n á sì fi kọ̀ǹpútà ka èyí tó bá padà wá. Ìmọ̀ ìṣirò kan náà tó fi ń wá ibi tí ìgbì ìró ti ń tún ara rẹ̀ ṣe lábẹ́ ilẹ̀ ló gbé wá sórí ohùn olórin. Àtúnṣe tí kò ní hàn ló fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa ṣe. Nígbà tó di 1998, àwọn tó ṣe orin Believe fún Cher, akọrin obìnrin ará Amẹ́ríkà, fi í sí ibi tó yá jù, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ọgbọ́n náà, ni wọ́n bá sọ fún ìwé ìròyìn kan pé vocoder làwọn lò. Láti ìgbà náà lọ́pọ̀ èèyàn ti ń pe Auto-Tune ní vocoder.

Vocoder ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Homer Dudley ló ṣe é nílé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1930, iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n sì torí ẹ̀ ṣe é. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà lára ẹ̀rọ táwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ àṣírí. Vocoder kì í fa ohùn síbì kankan. Ìrísí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu yín, bí ẹnu ṣe ṣí àti bó ṣe pa dé, ló ń gbà, tó sì ń gbé wọ ìró ohun èlò mìíràn lọ́rùn, tí dùùrù oníná á fi di ohun tó ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Yellow Magic Orchestra ti fi ṣe orin ní Japan láti ìparí àwọn ọdún 1970.

Ẹ̀kẹta tí wọ́n tún máa ń kó mọ́ wọn ni Vocaloid, ti ilé iṣẹ́ Yamaha. Nínú tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọrin lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń ṣe orin yín. Wọ́n ti gba ìró ohùn ẹnì kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin á tẹ ọ̀rọ̀ àti ìró wọlé, ẹ̀rọ á sì tò wọ́n pọ̀ di orin. Hatsune Miku, tó lókìkí jù nínú àwọn ohùn Vocaloid, jáde lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2007. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Perfume gbé Polyrhythm jáde, orin tó sọ wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká. Miku àti Polyrhythm jáde pọ̀, wọ́n sì dún jọra létí, làwọn èèyàn ṣe sọ wọ́n di ọ̀kan náà.

Yasutaka Nakata ni pírodúsà tó ti ń bá Perfume ṣiṣẹ́ láti 2003. Kì í fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀dùn ọkàn kọ orin òun nígbà tí wọ́n bá ń gbà á sílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ ní ṣákálá, kí ohùn dúró, ló ń fẹ́. Èyí kọ́kọ́ ṣòro fáwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́ láti máa ju ohùn sókè kí wọ́n sì máa mì ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá mi ohùn sínú Auto-Tune tó wà lórí òdo. Mímì yẹn lè gbé ohùn kọjá ààlà tó wà láàárín ìró méjì, ẹ̀rọ á fà á lọ sókè, kó tó ṣẹ́jú ó ti fà á padà sísàlẹ̀, orin á sì máa gbọ̀n jìgìjìgì. Kí ohùn tó lè jáde geere, ẹni tó ń kọ ọ́ ní láti lè mú un dúró sójú kan fúnra rẹ̀, kó wọlé lákòókò, kó sì pe ọ̀rọ̀ ṣáká. Iṣẹ́ olórin gidi nìyẹn.

Mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ tún ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí ẹnì kan bá wà lórí 440 tí ẹnì kejì sì wà lórí 443, ohùn méjèèjì á máa lù mọ́ra lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlumọ́ra yẹn wà lára ohun tí etí fi ń mọ̀ pé èèyàn ju ẹyọ kan lọ ló ń kọrin. Tí ẹ̀rọ bá kó gbogbo wọn sórí 440 gẹ́lẹ́, ìlumọ́ra á lọ sílẹ̀, ohùn á wá di ẹyọ kan tó nípọn, tí ẹ ò ní lè tọ́ka sí ti Nocchi tàbí ti A-chan nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀fun kan tó lè dá ohùn yẹn ní.

Èdè wọn náà bá a mu. Bíi ti Yorùbá, sílébù èdè Japan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń parí sórí fáwẹ̀lì ní gbogbo ìgbà, fáwẹ̀lì sì ni ẹ̀rọ lè dì mú, torí inú rẹ̀ ni ọ̀fun ti ń gbọ̀n. Ìró bíi s, k àti t kì í gbọ̀n, ẹ̀rọ ò sì ní ohun tó máa fà níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá ń gbọ́ Perfume: fáwẹ̀lì ń dún bí ẹ̀rọ, àmọ́ s tó wà níwájú rẹ̀, àti èémí tí wọ́n fà kí wọ́n tó wọlé, ti èèyàn pọ́ńbélé ni. Ibi tí àwa ti yàtọ̀ sí wọn ni ohùn ọ̀rọ̀. Nínú èdè wa, ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń yọ́ gòkè ni, òdo sì máa ń gé yíyọ́ náà. Tí olórin wa bá tún fi àyè tó há sáàárín ohùn òkè àti ohùn àárín, ẹ̀rọ lè kó méjèèjì sórí ìró kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ má sì yé olùgbọ́ mọ́. Ó yẹ káwọn tó ń fi Yorùbá kọrin ní sítúdíò Èkó kíyè sí èyí dáadáa. Àwọn ará Japan náà ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, àmọ́ ẹrù tó ń gbé nínú èdè wọn kò tó ti wa, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹni tó ń gbọ́ orin lọ́wọ́.

Àwo GAME, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2008, ni mo máa ní kẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Ó gba ipò kìíní lórí Oricon, àtẹ tó ń to àwo orin tó tà jù ní Japan. Kó tó dìgbà náà, àwo orin oníná irú èyí kò tíì débẹ̀ mọ́ látìgbà tí Yellow Magic Orchestra ti gbà á ní 1983. Polyrhythm wà nínú rẹ̀. Láàárín orin yẹn, Nakata gé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí wẹ́wẹ́, ó ń tún un pè léraléra lórí òǹkà márùn-ún àti mẹ́fà, nígbà tí ìlù abẹ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lórí mẹ́rin. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyáàlù àti omele tí wọ́n ń bára wọn fà á á mọ ìgbádùn tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ orin wọn kọ́kọ́ bẹ̀rù ibẹ̀. Ó dára tí wọn ò yọ ọ́.

Nínú Nebula Romance, tí wọ́n ṣe bí orin inú fíìmù ìrìn àjò òfurufú kan tí kò sí, Nakata padà sí ìró dùùrù oníná ti àwọn ọdún 1980, àti pé, sí etí tèmi, ọwọ́ tó fi ń fa ohùn ti rọ̀. Ẹ fi hẹ́dífóònù sétí, kí ẹ mú orin kan nínú GAME, ẹ sì gbọ́ ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, níbi tí fáwẹ̀lì ti gùn kó tó dákẹ́. Kò ní yí rárá títí tó fi máa gé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ irú ibẹ̀ nínú Cosmic Treat tàbí The Light, ẹ wò ó bóyá ẹ̀yin náà á gbọ́ ibi tí wọ́n ti jẹ́ kí ohùn yọ́ díẹ̀, tí ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ti ń yọjú.