Ibi Tí Adùn Kọfí Ti Ń Wá Kí Wọ́n Tó Yan Án

Bí wọ́n bá gbé ife kọfí méjì kalẹ̀ níwájú ẹni tó mọ kọfí í tọ́ wò, tí méjèèjì wá láti agbègbè Yirgacheffe ní ilẹ̀ Ethiopia, tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ká wọn, tó sì jẹ́ ẹ̀rọ kan náà ló yan wọ́n, olúwarẹ̀ ṣì lè búra pé ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan á fúyẹ́ lẹ́nu, á mọ́ gaara, á máa ta ahọ́n bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, òórùn òdòdó á sì máa tẹ̀ lé e. Èkejì á wúwo, á dùn bí èso tó ti pọ́n kọjá ààlà, ó tilẹ̀ lè mú èèyàn rántí wáìnì. Ohun tó yà wọ́n nípa kò ju bí wọ́n ṣe yọ kóró kúrò lára èso àti bí wọ́n ṣe sá a lọ. Iṣẹ́ yẹn sì ti parí lórí òkè ní Ethiopia kí ayankọfí tó fojú kan àpò náà. Ilé ìyankọfí kékeré tó bá ní òun fẹ́ ṣe déédéé pẹ̀lú àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni adùn tó ń tà ti wá, ibẹ̀ náà sì ni àdánù ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Awọ pupa ló wà lóde èso kọfí. Lábẹ́ rẹ̀ ni oje yíyọ̀ aládùn kan wà tó lẹ̀ mọ́ kóró pinpin. Lẹ́yìn oje yìí ni èèpo inú kan tó gan, lẹ́yìn èyí ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a tó wá kan kóró méjì tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ kojú síra wọn. Èso kìlógíráàmù márùn-ún sí mẹ́fà ló ń di kóró gbígbẹ kìlógíráàmù kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá dàgbà sí oko kòkó kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí oje yìí. Bí wọ́n bá la kòkó, tí wọ́n kó kóró rẹ̀ jọ pẹ̀lú ohun funfun aládùn tó wà lára rẹ̀, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, ooru á mú un, á máa kan, omi á máa ṣàn jáde, kóró á sì pàwọ̀ dà. Èyí tí wọn kò bò dáadáa kò lè ṣe ṣokoléètì tó dùn, ohun yòówù kí wọ́n fi sí i. Irú àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, náà ló ń ṣiṣẹ́ lára kọfí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe kọfí lè pinnu bí oje tí yóò fi sílẹ̀ lára kóró ṣe máa pọ̀ tó, kó sì pinnu bó ṣe máa pẹ́ tó níbẹ̀. Gbogbo orúkọ tí wọ́n ń kọ sára páálí kọfí olówó gọbọi, orí ìpinnu méjì yìí ni wọ́n dá lé.

Nínú kọfí fífọ̀, oje náà kì í pẹ́ rárá. Ní Gedeo, níbi tí Yirgacheffe wà, àgbẹ̀ tó ní oko kékeré ló pọ̀ jù. Wọ́n á ká èso pupa lójúmọmọ, wọ́n á gbé e lọ sí ibùdó ìfọ̀kọfí nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ á sì bó awọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Kóró tó ṣì ń yọ̀ yóò wọ inú ọpọ́n sìmẹ́ǹtì ńlá, ó sì lè lo wákàtí 36 sí 72 níbẹ̀, torí òtútù orí òkè kì í jẹ́ kó tètè kan. Níbi tó bá móoru jù bẹ́ẹ̀, wákàtí 12 lè ti tó. Aago nìkan kò lè sọ ìgbà tó tó. Òṣìṣẹ́ á ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fi omi ṣàn án, á sì máa ra á láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Bó bá ṣì ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò tíì tó. Bó bá ń há ọwọ́, tó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ó ti tó. Àwọn mìíràn á ki igi bọ àárín rẹ̀, wọ́n á fà á yọ. Bí ojú ihò igi náà kò bá dí padà, oje ti jábọ́ lára kóró nìyẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ jù, kíkan á di rírà, kọfí náà á máa rùn bí ọtí tó ti bàjẹ́, kò sì sí ọgbọ́n ìyan tó lè tún un ṣe mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú kòtò omi gígùn, tí wọ́n á máa fi pátákó tì í lọ tì í bọ̀. Èyí tó wúwo á rì, èyí tó fúyẹ́ á léfòó, wọ́n á sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n á tún rẹ ẹ́ sínú omi mìíràn mọ́jú kí wọ́n tó gbé e sórí pẹpẹ gíga tí wọ́n fi àwọ̀n tẹ́, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i lókè nísàlẹ̀. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń tò yí pẹpẹ wọ̀nyí ká, tí wọ́n á máa ṣa èyí tó fọ́, èyí tí kòkòrò jẹ àti èyí tó pàwọ̀ dà kúrò. Bí oòrùn bá mú jù lọ́sàn-án, wọ́n á bò ó kí èèpo inú má baà sán. Ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ dé ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí oje ti kúrò kí sísá tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ahọ́n máa ń bá pàdé jù nínú ife ni irú igi kọfí náà, ilẹ̀ tó hù sí àti bí òkè ibẹ̀ ṣe ga tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní kọfí tó mọ́ lẹ́nu. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí. Kóró tí wọ́n bó, tí wọ́n sì rẹ, ṣì wà láàyè, ó sì ń gbìyànjú àtihù. Ó á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú ara rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní glucose àti fructose. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wọ̀n ọ́n rí i pé kọfí fífọ̀ kì í ní irú ṣúgà méjèèjì yìí tó kọfí tí wọ́n sá tèsotèso.

Omi ni ìnáwó tí kì í hàn lára páálí. Fífọ̀ ń jẹ omi púpọ̀, omi tó bá sì ti fọ oje kúrò ti di kíkan, ó kún fún ṣúgà àti ìdọ̀tí. Bó bá ya wọ odò, á gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí mọ́ wọn lára. Ìbéèrè tó yẹ kí ilé ìyankọfí tó ń pariwo pé òun bìkítà fún ilẹ̀ kọ́kọ́ bi ibùdó ni pé, níbo ni omi yìí ń gbà lọ? Ṣé inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún un ni, àbí inú odò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn?

Sísá tèsotèso ni baba gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ omi rárá. Odindi èso ni wọ́n ń sá, pẹ̀lú awọ, pẹ̀lú oje, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó jọ iṣẹ́ ọ̀lẹ létí, àmọ́ òun ló le jù láti ṣe dáadáa. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ kó o jọ nípọn lórí pẹpẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yí i léraléra, torí oje tó wà nínú rẹ̀ lè mú kó tètè bu. Alẹ́ kan tí wọ́n gbàgbé láti bò ó, tí ìrì sẹ̀ sí i, lè ba gbogbo pẹpẹ kan jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú fífọ̀, omi àti ẹ̀rọ máa ń bá wọn tú èso tí kò pọ́n fó. Nínú èyí tí wọ́n ń sá tèsotèso, ojú àti ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà fún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè ṣe é, nítorí kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n á ti dúdú bákan náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ìwúkàrà tó wà lára awọ á máa jẹ ṣúgà inú oje, á sì máa ṣe àwọn nǹkan olóòórùn dídùn tó ń wọ inú kóró díẹ̀díẹ̀. Òun ni ẹni tó ń mu ún fi ń sọ pé òun gbọ́ òórùn èso bíi strawberry tàbí blueberry. Bó bá kọjá bó ṣe yẹ, òórùn ọtí ni yóò gba ife. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo kọfí tí wọ́n sá tèsotèso ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọfí Brazil ni wọ́n sá báyìí, àmọ́ ẹ̀pà àti ṣokoléètì ni wọ́n jọ lẹ́nu. Robusta, irú igi kọfí kan tí wọ́n ń gbìn ní ìhà Kabba lọ́dọ̀ tiwa náà, odindi èso ni wọ́n ń sá a.

Ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì pọ̀. Ní Costa Rica, wọ́n máa ń bó awọ, wọ́n á sì fi oje sílẹ̀ lára kóró lọ sórí pẹpẹ. Bí oje tí wọ́n fi sílẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, tí sísá sì ṣe falẹ̀ tó, ni wọ́n fi ń pè é ní oyin yẹ́lò, pupa tàbí dúdú. Kò sí ẹ̀kán oyin kan nínú rẹ̀ o. Adùn rẹ̀ yípo ju ti fífọ̀ lọ, kì í sì í ya ẹhànnà bíi ti èyí tí wọ́n sá tèsotèso. Brazil náà ní irú tirẹ̀.

Ti Sumatra, ní ilẹ̀ Indonesia, ló fi hàn jù pé àìní owó lọ́wọ́ lè di adùn. Òjò ibẹ̀ kì í jẹ́ kí kọfí tètè gbẹ, àgbẹ̀ sì nílò owó kíákíá. Nítorí náà, wọ́n máa ń ta kóró nígbà tó ṣì tutù, ẹni tó rà á á sì gún èèpo inú rẹ̀ kúrò nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà ní ìdá 30 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, dípò ìdá 10 sí 12 tí àwọn yòókù ń dúró dè. Kóró tó ti tú sí ìhòòhò yìí ni wọ́n wá ń sá, ó sì máa ń yára gbẹ. Àwọ̀ rẹ̀ á máa fà sí búlúù, adùn rẹ̀ á wúwo, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ta lẹ́nu, á sì jọ ewé àti ilẹ̀ tútù. Àwọn kan kórìíra rẹ̀, àwọn mìíràn kò sì ní mu òmíràn.

Ní ti àṣà tuntun tí wọ́n ń ti èso tàbí kóró mọ́ inú àgbá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, ọdún 2015 ni òkìkí rẹ̀ gbòde, nígbà tí Saša Šestić, ará Australia, fi kọfí Colombia tí wọ́n ṣe lọ́nà tó jọ ti àwọn tó ń pọn wáìnì gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé àwọn apokọfí ní Seattle. Ó lè dùn gan-an. Ó tún lè pọ̀ lẹ́nu débi pé èèyàn kò ní mọ ilẹ̀ tí kọfí náà ti wá mọ́, irú èyí sì ti pọ̀ jù lórí igbá.

Kí wá ni iṣẹ́ ayankọfí? Kó má ba ohun tó bá jẹ́ ni. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gba kìlógíráàmù 5 sí 15 ni ọ̀pọ̀ ilé ìyankọfí kékeré ń lò. Kóró á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òórùn búrẹ́dì á gba inú ilé, tó bá sì dé nǹkan bíi 196 sí 205 lórí ìwọ̀n Celsius, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta páú-páú. Kọfí tí wọ́n sá tèsotèso máa ń tètè jó létí, nítorí náà ayankọfí kì í fi iná ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fọ̀ lè gba iná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì yan èyíkéyìí títí ó fi dúdú, tí òróró yọ sí i lára, gbogbo iṣẹ́ orí pẹpẹ yẹn ti jóná lọ, eérú àti kíkorò nìkan ló kù. Láti mọ ibi tó yẹ kí òun dúró, ayankọfí á yan díẹ̀ wò, á lọ gíráàmù 8.25 sínú ife, á da mílílítà 150 omi gbígbóná tó ìwọ̀n 93 lé e, á dúró fún ìṣẹ́jú 4, á fi ṣíbí fọ́ ìfóófòó orí rẹ̀, tó bá sì ti lọ wọ́ọ́rọ́, á fi ariwo fà á sẹ́nu kó lè kárí ahọ́n. Kọfí tí kò bá gba máàkì 80 nínú 100 kì í dé orí igbá wọn.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun ló sì takókó jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, owó tó kéré jù tí Fairtrade, àjọ tó ń rí sí i pé àgbẹ̀ gba owó tó yẹ, fi lélẹ̀ fún Arabica fífọ̀ (Arabica ni irú igi kọfí kejì yàtọ̀ sí Robusta) ni dọ́là 1.80 fún pọ́ùn kan, ìyẹn nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù, pẹ̀lú sẹ́ǹtì 20 tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ń gbà lé e. Ti èyí tí wọ́n sá tèsotèso kò tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà ilé ìyankọfí kékeré kan máa ń fi owó gọbọi rà á. Ní oṣù kejì ọdún 2025, iye Arabica ní ọjà New York kọjá dọ́là 4 fún pọ́ùn kan. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, owó tó kéré jù kò fi bẹ́ẹ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ ni ìgbà tí owó dé. Ibùdó ìfọ̀kọfí ń sanwó èso fún àgbẹ̀ lójoojúmọ́ ìkórè, ó sì tún ń sanwó fún àwọn tó ń yí i, tó ń ṣà á, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí àpò kan tó kúrò nílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá béèrè, òfin Fairtrade sọ pé kí olùrà san tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ṣáájú. Ilé ìyankọfí tí kò sí nínú Fairtrade náà lè kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kó sì kọ sínú rẹ̀ pé òun máa san owó kún un fún iṣẹ́ sísá tèsotèso, torí ọwọ́ tó ń wọ inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Ó tún yẹ kí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí òjò bá dé láìròtẹ́lẹ̀ wà nínú àdéhùn náà. Bí ojú ọ̀run bá ṣú ní ọ̀sẹ̀ tí ìkórè ń lọ lọ́wọ́, ọlọ́gbọ́n alábòójútó ibùdó kò ní gbé èso tuntun sórí pẹpẹ mọ́. Ẹ̀rọ ni yóò dà á sí kí wọ́n lè fọ̀ ọ́. Ayankọfí tó ti ń polówó èyí tí wọ́n sá tèsotèso fún àwọn oníbàárà rẹ̀ á gba kọfí fífọ̀ náà ní iye tí wọ́n jọ sọ, á sì lọ tún ohun tó wà lára páálí rẹ̀ kọ.