Bí ìtànṣán X ṣe ń jáde

Ìtànṣán X, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí X-ray, wà nínú ìdílé kan náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Ìgbì rẹ̀ ló kúrú ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ, láti nǹkan bíi 10 nánómítà wá sí 0.01 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà), agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó ń gba inú ẹran ara kọjá. Wilhelm Conrad Röntgen, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ìlú Würzburg ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú físíìsì ní 1901. Ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, láàárín àwọn Okun ti Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Owé àti Ọ̀wọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù, níbi tí wọ́n ti ń fi wo egungun tó ṣẹ́. Àwọn tó ń ra òkúta tí wọ́n ń wà nílẹ̀ níbẹ̀ náà ń lò ó láti mọ ohun tó wà nínú òkúta.

Nínú ìgò

Iṣẹ́ ẹ̀rọ X-ray kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń mú ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù, àwọn ẹyọ tíntìntín tó ń gbé iná, sáré gan-an, ó sì ń jẹ́ kó forí sọ irin. Inú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán ni èyí ti ń wáyé, torí pé bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kò ní ráyè kọjá. Ní apá kan ìgò, èyí tí wọ́n ń pè ní kátóòdù, wáyà tungsten tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí iná ń mú pọ́n, ooru yẹn ló sì ń tú ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù sílẹ̀ lára rẹ̀. William Coolidge ló gbé irú ìgò yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1913. Ṣáájú ìgbà náà, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ìgò ni wọ́n gbójú lé, ìtànṣán tó ń jáde kì í sì í dúró sójú kan.

Ánóòdù, ìyẹn irin tí wọ́n ń kọlù, wà ní apá kejì. Tiransifọ́mà ló ń gbé iná ilé ga dé 40,000 sí 150,000 fólítì láàárín méjèèjì. Ní 100,000 fólítì, eré ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù máa ń tó 164,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá fi kan irin. Ó ju ìdajì eré ìmọ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré ló rìn.

Ọ̀nà méjì tó ń gbà jáde

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán náà ń ti inú ìdádúró wá. Bí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù bá kọjá nítòsí àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, ẹyọ tíntìntín tí irin náà fi para pọ̀, agbára iná tó wà níbẹ̀ á fà á, ọ̀nà rẹ̀ á wọ́, eré rẹ̀ á sì dín kù. Agbára tó sọ nù lára rẹ̀ ló ń di ìtànṣán X. Òmíràn á pàdánù díẹ̀, òmíràn á pàdánù púpọ̀, ìwọ̀nba ló ń pàdánù gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí oríṣiríṣi agbára fi ń jáde pọ̀, tí kò sì sí èyí tó ń kọjá iye fólítì tí wọ́n gbé e sí. Ní 100,000 fólítì, 100 keV ni òpin (1 keV ni agbára tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kan ń rí láti inú 1,000 fólítì), ìgbì tó kúrú jù sì jẹ́ 0.0124 nánómítà. William Duane àti Franklin Hunt ló fi èyí hàn ní 1915.

Ọ̀nà kejì yàtọ̀ pátápátá. Nígbà míràn, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tó ń sáré bọ̀ á ta ọ̀kan lára àwọn tó wà ní ìpele inú pátápátá átọ́ọ̀mù jáde. Bí àgbà kan bá dìde lórí ẹní iwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ a sún síbẹ̀. Ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù láti ìpele òde a wọlé wá dí àyè náà, a sì sọ agbára tó lé sílẹ̀. Iye agbára yìí kì í yí padà fún irin kan náà. Ti tungsten wà ní nǹkan bíi 59 àti 67 keV. Àmọ́ ó gba 69.5 keV kí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù inú pátápátá rẹ̀ tó lè kúrò níbẹ̀, torí náà ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí 60,000 fólítì kò ní mú èyí jáde rárá, ìtànṣán ìdádúró nìkan ni yóò máa yọ. Henry Moseley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lo àwọn iye wọ̀nyí ní 1913 láti to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì lẹ́sẹẹsẹ. Ogun Gallipoli pa á ní 1915 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 27.

Ìdí tí wọ́n fi yan tungsten

Bí nọ́ńbà átọ́ọ̀mù irin kan, ìyẹn ipò rẹ̀ nínú ìtò àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, bá ṣe tóbi tó ni ìtànṣán ìdádúró rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ìyẹn nìkan ì bá ti jẹ́ kí wúrà, tí wọ́n ń wà lágbègbè Ìsánlú, gba ipò iwájú, torí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 79, ti tungsten sì jẹ́ 74. Ooru ló ba ọ̀rọ̀ wúrà jẹ́: ó ń yọ́ ní 1,064 digírì Celsius, tungsten kì í yọ́ títí di 3,422. Ọ̀kan lára àwọn tó sún mọ́ tungsten ni tantalum, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 73, tó ń yọ́ ní 3,017 digírì. Inú òkúta tantalite ló wà, irú èyí tí wọ́n ń wà lágbègbè Ẹ̀gbẹ̀. Ooru kì í tètè rìn kúrò lára tantalum bíi ti tungsten, ìyẹn sì tó láti já a kulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí kì í ṣe kékeré, bí ẹ bá sì bi mí, òun gan-an ni ìṣòro ẹ̀rọ X-ray. Ní 100,000 fólítì, ohun tó ń di ìtànṣán nínú agbára ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kò tó 1 nínú 100. Ooru ni gbogbo ìyókù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ánóòdù bí àwo pẹrẹsẹ tí etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, tó ń yí ní ìgbà 3,000 sí 10,000 ní ìṣẹ́jú kan kí ojú kan má bàa jóná, wọ́n sì ń fi òróró yí ìgò náà ká. Ẹni tó bá ti dúró síwájú ẹ̀rọ náà rí á ti gbọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ á ní, “Bàbá, ẹ fa èémí sínú, ẹ má mí o,” ohun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú ẹ̀rọ, nǹkan á dún tá, ó parí. Kíkùn yẹn ni yíyí àwo náà. Ìtànṣán kò tíì jáde nígbà yẹn.

Nílé ìwòsàn

Ohun méjì ni òṣìṣẹ́ ń yí: fólítì àti iye iná tó ń kọjá nínú ìgò. Fólítì ló ń sọ bí ìtànṣán ṣe máa lágbára tó. Ọwọ́ kò nílò ju nǹkan bíi 50,000 sí 60,000 lọ, àyà àgbàlagbà lè gbà tó 120,000. Bí wọ́n bá sọ fólítì di méjì, àpapọ̀ ìtànṣán á tó ìlọ́po mẹ́rin. Iye iná ní tirẹ̀ kàn ń fi kún iye ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ni. Páálí alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ìgò máa ń gba àwọn ìtànṣán aláìlágbára dúró, torí awọ ara ni wọn ì bá pin sí, wọn ò ní dé ojú àwòrán.

Bí iná ìjọba bá ń fò sókè sódò, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ kò lágbára tó, fólítì inú ìgò náà lè rọlẹ̀ bí ẹ̀rọ kò bá ní ohun tó ń tún un ṣe, àwòrán a sì jáde láìmọ́. Bí iná bá kú, ìtànṣán kú nìyẹn. Kò sí èyí tó ń ṣẹ́ kù sínú yàrá tàbí sínú ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù pé ó ń kù. Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni ìgbà tó ń jáde lọ́wọ́, torí ó lè ba inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ẹni tó bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ìgò yóò gba ìdá kan péré nínú mẹ́rin ohun tí ì bá gbà. Nigerian Nuclear Regulatory Authority, tí òfin ọdún 1995 gbé kalẹ̀, ló ń fún àwọn tó ń lo irú ẹ̀rọ yìí ní Nàìjíríà láṣẹ.

Lọ́wọ́ olùra òkúta

Ẹ̀rọ kékeré tó dà bí ìbọn, tí àwọn olùra tantalite fi ń dán òkúta wò, ní ìgò X-ray kékeré nínú. Ọ̀nà kejì ló ń lò, àmọ́ òkúta gan-an ló ń mú kó tan ìtànṣán jáde. Ìgò rẹ̀ kì í sábà ju 50,000 fólítì lọ, kò sì lè ta ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù inú pátápátá tantalum jáde, torí 67.4 keV ni ìyẹn ń fẹ́. Ìpele kejì ló ń lò dípò rẹ̀, níbi tí tantalum ti ń fọhùn ní 8.1 keV. Niobium, tí òun àti tantalum jọ máa ń wà nínú òkúta kan náà, ń fọhùn ní 16.6. Ìtànṣán tí kò lágbára báyìí kì í lè jáde láti ìsàlẹ̀ òkúta tó wúwo, ojú òkúta nìkan ni ìbọn náà ń kà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tantalum tó wà nínú odindi àpò fi gbọ́dọ̀ lọ òkúta náà kúnná, kó pò ó pọ̀ dáadáa, kó tó gbé ìbọn sí i.