Ìmúpadàbọ̀sípò Ìrònú fún Àwọn Ọmọdé Tí Ọpọlọ Wọn Farapa

Ìmúpadàbọ̀sípò ìrònú jẹ́ ẹ̀ka ìtọ́jú tí a fi ń ran ọmọ tí ìjàǹbá tàbí àìsàn ti ṣe ọpọlọ rẹ̀ léṣe lọ́wọ́, kí ó lè fọkàn sí nǹkan, kí ó lè rántí, kí ó lè ṣètò ohun tó fẹ́ ṣe, kí ó sì lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ìgbà tí ẹ̀mí ọmọ bá ti bọ́ lọ́wọ́ ewu ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìṣubú àti ìjàǹbá ọkọ̀ wọ́pọ̀ nínú ohun tó ń fa irú ìfarapa bẹ́ẹ̀. Àrùn yírunyírun, kókó tó hù nínú ọpọlọ, rírì sínú omi àti ibà tó wọ ọpọlọ náà máa ń fà á. Àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde wà nínú ewu pẹ̀lú, nítorí pé òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ wọn lè dí, kí àrùn rọpárọsẹ̀ sì kọlù wọ́n ní kékeré.

Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ọpọlọ ọmọdé máa ń tètè sàn ju ti àgbàlagbà lọ. Àyẹ̀wò tí Margaret Kennard, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ṣe lára àwọn ọ̀bọ ní àwọn ọdún 1930 fún èrò yìí lágbára. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀: bí ìfarapa bá le, tó sì ṣẹlẹ̀ ní kékeré, ìṣòro ìrònú tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ sábà máa ń pọ̀ sí i ni. Àgbàlagbà ti kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan kí ìjàǹbá tó dé, ṣùgbọ́n ti ọmọdé ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Apá iwájú ọpọlọ, tí a fi ń ṣètò nǹkan, kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi lé ní ọmọ ogún ọdún. Nítorí náà, ọmọ ọdún mẹ́rin tó farapa lè padà sílé, kó máa sáré, kó máa sọ̀rọ̀, kí gbogbo ẹbí sì máa dúpẹ́. Ó di ìgbà tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, tí olùkọ́ àti iṣẹ́ àṣetiléwá pọ̀, kí àléébù náà tó yọjú. Wọ́n á máa pè é ní ọ̀lẹ tàbí olóríkunkun nígbà náà, láìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìyà tí kò tọ́ sí i rárá.

Àwọn ìtọ́jú kan máa ń fi ìdánrawò léraléra mú agbára tó dín kù le. Àwọn mìíràn ń kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n tí yóò fi yẹ ìṣòro sílẹ̀. Bí ọmọ bá máa ń gbàgbé ìwé sílé, wọ́n lè lẹ àwòrán ìwé, aṣọ eré ìdárayá àti abọ́ oúnjẹ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Òbí yóò kọ́kọ́ dúró tì í, yóò máa nawọ́ sí àwòrán kọ̀ọ̀kan kí ọmọ tó ráyè ṣe àṣìṣe, nítorí pé ẹni tí iyè rẹ̀ kò dá ṣáṣá lè máa tún àṣìṣe kan náà ṣe bí ẹni pé òun ló tọ́. Bó bá ti ń mọ́ ọn lára, òbí á wulẹ̀ béèrè pé, "Kí ló kù?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa yọ àwòrán kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní Kampala, olú ìlú Uganda, àwọn olùṣèwádìí Paul Bangirana, Michael Boivin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìdánrawò orí kọ̀ǹpútà ran àwọn ọmọ tí ibà ti wọ ọpọlọ wọn rí lọ́wọ́, wọ́n sì rí ìtẹ̀síwájú nínú àwọn àyẹ̀wò kan. Ìṣòro irú ìdánrawò yìí níbi gbogbo ni pé ọmọ máa ń mọ eré tó ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n èyí kì í sábà hàn nínú ìwé kíkà àti ìṣirò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú tó dára fi ń wọ inú ilé àti kíláàsì. Ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà, olùṣèwádìí Shari Wade àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò tí òbí àti ọmọ ń jọ kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nípa bí a ṣe ń yanjú wàhálà ojoojúmọ́ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀.

Ní ọdún 1990, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ àkànṣe fi ìfarapa ọpọlọ kún àwọn ẹ̀ka ìdí tí ọmọ fi lè gba ìrànwọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ìfarapa tí ohun kan láti òde fà, bí ìṣubú tàbí ìjàǹbá ọkọ̀, nìkan ni ẹ̀ka náà kà sí. Ọmọ tí yírunyírun tàbí rọpárọsẹ̀ ṣe ọpọlọ rẹ̀ léṣe ní láti gba abẹ́ ẹ̀ka mìíràn wọlé.