Ọkàn Kò Dúró: Ó Tètè Lù Ni

“Ọkàn mi dúró, ó wá lù gbì!” Báyìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń rò ó fún dókítà. Ẹ̀rù tó wà nínú gbólóhùn yẹn kò kéré, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Ibì kan wà lókè yàrá ọ̀tún ọkàn tó ń pàṣẹ ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Òun ni ìyáàlù. Àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n sì ń tẹ̀lé e. Àfikún ìlù máa ń wáyé nígbà tí ẹran díẹ̀ nínú yàrá ìsàlẹ̀ bá dá ta iná mànàmáná fúnra rẹ̀, bí onígúdúgúdú tó fi bílálà na awọ kí ìyáàlù tó pè é. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì kún yàrá nígbà náà, nítorí náà díẹ̀ ló tì jáde. Ẹni tó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ lè má gbọ́ ọ rárá. Nígbà tí ìyáàlù wá pè, yàrá ìsàlẹ̀ ṣì ń sinmi, kò dáhùn. Àlàfo yìí la ń pè ní “ó dúró”. Ìyáàlù kì í sábà tún orin bẹ̀rẹ̀ nítorí aṣìṣe ọmọ ìlù. Ó ń bá àkókò tirẹ̀ lọ, ìlù tó kàn sì bọ́ sójú àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Láàárín àlàfo náà, ẹ̀jẹ̀ ti rọ́ kún yàrá ju ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló fi tì í tagbáratagbára. Gbì tó ń dẹ́rù bani yẹn gan-an ni ìlù tó tọ́.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣì í kà. Bí ìlù tó tọ́ àti àfikún bá ń gba ara wọn lọ́wọ́, ọkàn lè lù ní 80 kí ẹ̀rọ kọ 40.

Iye ló ṣe pàtàkì. Ọkàn ń lù tó ìgbà 100,000 lóòjọ́. Holter, ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ àyà fún wákàtí 24 ló ń ka àfikún. Iṣẹ́ ojúmọ́ ni kí ènìyàn ṣe lọ́jọ́ náà, kí ó sì kọ wákàtí tó gbọ́ gbì sílẹ̀. Àfikún 500 kò tó 1%. Bó bá kọjá 10%, ó yẹ kí a máa fi ẹ̀rọ àwòrán wo ọkàn, torí bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè sọ ẹran ọkàn di aláìlera.

Kí a tó dé orí oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ pọtásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wò, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, tí ìgbẹ́ gbuuru sì tún mú. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àìsùn, ọtí, àti oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine náà lè fà á.

Kí àfikún dákẹ́ kọ́ ni ìwòsàn. Lọ́dún 1989, ìwádìí kan lórí oògùn ọkàn, tí a ń pè ní CAST, fi hàn pé oògùn encainide àti flecainide pa àfikún rẹ́ lára àwọn tí wọ́n ti ní ìkọlù ọkàn (heart attack) rí, síbẹ̀ àwọn tó ń lò wọ́n ló kú jù. Nítorí náà, ẹ má ra oògùn ọkàn ní kẹ́mísì láìrí dókítà.

Ẹni tó bá dákú, tí àyà ń dùn, tí àfikún ń pọ̀ sí i bó ṣe ń sáré, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kú lójijì lọ́jọ́ orí kékeré, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.