Ọ̀rọ̀ ọmú ló bí ilé ọmọ aláìníyàá Ògbómọ̀ṣọ́

Nínú Bíbélì Yorùbá, aláìníbaba ni wọ́n sábà máa ń pe ọmọ òrukàn. Opó àti aláìníbaba, wọn kì í yara wọn nínú ìwàásù. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ tó mú kí ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé ìtọ́jú lè ní baba láyé, kó ní bàbá àgbà, kó ní odidi agboolé lẹ́yìn. Ọmú tí yóò mu ni kò ní.

Ìyá kú sórí ìkúnlẹ̀, ọmọ yè. Bí wọ́n bá rí abiyamọ tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ tó gbà láti fún un lọ́mú, ọpẹ́ ni. Bí wọn ò bá rí, ìyá àgbà yóò jókòó sórí àpótí, yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, yóò ká àtẹ́lẹwọ́ òsì bí ife sí i lẹ́nu, yóò sì máa fi ọ̀tún da ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Rírọ là ń pè é. Ọmọ ń ké, ògì ń wọlé, nígbà mìíràn ó ń gba ọ̀nà èémí lọ. Bó tilẹ̀ gba ọ̀nà ikùn, ògì lásán kò lè ṣe iṣẹ́ ọmú. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà, ohun tí yóò jẹ ni wọn ò rí. Àwọn mìíràn wà tí wọn ò fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní bò ó: ojú ẹni tó pa ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó.

Ti ilé ìtọ́jú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì máa gbọ́mọ tọ́ nílẹ̀ wa. Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ní Freetown, ní Sierra Leone, ló ti kàwé. Ní Ìbàdàn, míṣọ́nnárì David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, dé ní 1853. Anna kò bímọ, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ní Kúdẹtì kún fún ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè dí ọ̀nà, ẹrù ilé ló ń tà láti fi bọ́ wọn. Ní Ìjàyè gan-an, ebi le débi pé àwọn òbí ń fa ọmọ lé àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi lọ́wọ́, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ìlú náà fọ́ ní 1862. Ẹ wo irú ìpinnu tí ìyá yóò ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ogun ló fa tìyẹn. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀, torí iṣẹ́ ìwòsàn ló tẹ̀ lé. Dókítà George Green dé síbẹ̀ ní 1907 fún ìjọ Onítẹ̀bọmi, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ náà ló di ọsibítù tí à ń pè ní Bowen Teaching lónìí. Níbi tí ọsibítù bá wà, wọ́n á gbé aboyún tó ti ń rọbí láti ọjọ́ mẹ́ta wá, wọn ò sì ní lè gba gbogbo wọn là. Ta ni yóò gba ọmọ tó kù? Nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan láti Amẹ́ríkà, Ruth Kersey, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n, láàárín ọdún 1920 sí 1930. Wàrà inú agolo, omi sísè, ìgò tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, ẹni tí yóò jí lóru: kò sí idán kankan níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ilé náà títí di òní.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni pé àgbàtọ́ ni wọ́n ń ṣe, wọn ò gba ọmọ lọ́wọ́ ẹbí. Bí ọmọ bá ti lè jẹ ẹ̀kọ àti àmàlà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó yẹ kó padà sí agboolé baba rẹ̀.

Ẹnu àwọn èèyàn ti sọ gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ di «mọ́dálẹ́ẹ̀sì», kódà nígbà tí ìyá ọmọ wà láyé, tó kàn gbé e sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sì ti fi àgbàtọ́ àti ìgbàṣọmọ sábẹ́ àṣẹ ìjọba: ṣọ́ọ̀ṣì kò lè dédé gbé ọmọ fún tọkọtaya kan mọ́ nítorí pé wọ́n ń san ìdámẹ́wàá. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ṣì ń gbé pámpáàsì, ọṣẹ àti mílíìkì lọ sírú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. N kò bú wọn, pámpáàsì wúlò. Àmọ́ tí ẹ bá bi wọ́n nínú ọkọ̀ pé ta ló fẹ́ gbọ́mọ, ọ̀pọ̀ yóò ní àwọn fẹ́ ìkókó, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní wá béèrè. Ẹni tí yóò tọ́ ọmọ fún ọdún méjì, tí yóò pọ̀n ọ́n títí yóò fi mọ̀ ọ́n lójú, tí yóò wá fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà fún baba tó ti ríṣẹ́, òun ni kò pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn.