Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Sọ̀ Kalẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́

Gbogbo ẹni tó bá wá bá mi pé òun fẹ́ kọ́ bí ẹni tó ní ìpèníjà ara ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Kẹ̀kẹ́ wo ló dáa jù?" Èmi náà á bi wọ́n padà pé tẹ́ ẹ bá gùn ún tán, tó ti rẹ̀ yín, tí òógùn ti bò yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ kúrò lórí ẹ̀ padà sórí wíìlìṣíà yín? Àwọn kan á wò mí bíi pé mi ò fẹ́ kí wọ́n gùn ún ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé kì í sábà jẹ́ ojú ọ̀nà ni nǹkan ti máa ń yíwọ́, ìdí síìtì ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà dípò ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní handcycle, èmi máa ń pè é ní kẹ̀kẹ́ àfọwọ́wà, púpọ̀ nínú wọn ló lọ sílẹ̀ gan-an, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fìdí gbálẹ̀ lórí ẹ̀. Síìtì wíìlìṣíà sì ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Láti orí wíìlìṣíà bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ò le, ṣebí ìsàlẹ̀ lẹ ń lọ. Àmọ́ láti ìsàlẹ̀ padà sókè, ọwọ́ kan náà tẹ́ ẹ ti fi wa kẹ̀kẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ tún fẹ́ fi gbé gbogbo ara yín. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó gun tiẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ló ń rín bọ̀ láti òkèèrè, ìgbà tó wá kù kó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ara ò gbé, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́, ó ní rárá, pé òun kàn fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀ ni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko ló fi gba atẹ́gùn yẹn!

Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan kíráǹkì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yí kí kẹ̀kẹ́ lè lọ, lọ́dọ̀ mi tí ò bá tíì gun orí kẹ̀kẹ́ tó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bíréèkì ìdúró kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní títì, ti wíìlìṣíà náà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ tì í wò kó tó di pé ẹ fara tì í. Tí ìsàlẹ̀ bá jìn jù, ẹ gbé àpótí ìjókòó kan tó lágbára sí àárín, kẹ́ ẹ ti orí kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí àpótí, kẹ́ ẹ ti orí àpótí bọ́ sórí wíìlìṣíà, ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì ló máa jẹ́ ṣùgbọ́n èjìká yín á dúpẹ́. Ẹni tí apá ẹ̀ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, tàbí tí ò sẹ́ni tó máa ràn án lọ́wọ́ nílé, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ iwájú wíìlìṣíà gan-an ló máa bá a lára mu. Táyà kan ṣoṣo ló ní, pẹ̀lú kíráǹkì ọwọ́, ẹ máa so ó mọ́ iwájú wíìlìṣíà yín, àwọn táyà kéékèèké iwájú á gbéra nílẹ̀, ó di kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ẹ ò ní bọ́ sí síìtì míì rárá. Kì í sáré bíi ti àwọn tó lọ sílẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ta ló ń lé yín?

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun náà. Ní ọdún 1655, nítòsí Nuremberg ní Jámánì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stephan Farffler, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ aago ṣíṣe, tí ò lè fẹsẹ̀ rìn, ló ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan fúnra ẹ̀ tó ń fọwọ́ yí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yẹn ni pé ara tiẹ̀ ló ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ lónìí, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń rà kí wọ́n tó wá máa wá bí wọ́n ṣe máa ká ara wọn wọnú ẹ̀, tí ò bá wá ṣeé gùn, wọ́n á ní àwọn ò lè gun kẹ̀kẹ́. Kò bá yín mu ni.

Ẹ wo kíráǹkì ẹ̀ ná. Pẹ́dàlì ẹlẹ́sẹ̀, tí ọ̀tún bá wà lókè, òsì á wà nísàlẹ̀. Ti ọwọ́ ò rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ méjèèjì jọ ń lọ jọ ń bọ̀ ni. Ìdí ẹ̀ ni pé táyà iwájú tẹ́ ẹ ń fọwọ́ yí yẹn náà lẹ fi ń darí, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ kan ń tì tí èkejì ń fà, ṣe ni kẹ̀kẹ́ á máa jù sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀mùtí. Ibi tẹ́ ẹ máa wọ̀n nìyí: tí kíráǹkì bá jìnnà sí yín dé ibi tó jìnnà jù, ìgúnpá yín ò gbọdọ̀ nà tán, ó gbọ́dọ̀ ká díẹ̀. Tó bá nà gbagidi, èjìká lẹ fi ń fà á, ẹ ò sì ní pẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀. Àárín kíráǹkì náà, kó má ga ju èjìká yín lọ. Ẹni tó ń lo wíìlìṣíà, èjìká ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀, tó bá bà á jẹ́ nítorí kẹ̀kẹ́, kò ní lè gun bẹ́ẹ̀dì mọ́, kò ní lè wọ ilé ìwẹ̀. Mi ò kí ń ṣeré pẹ̀lú ìyẹn rárá.

Ìjókòó náà pín sí oríṣi. Àwọn kan ń dùbúlẹ̀ fẹ̀yìn tì í, àwọn kan ń jókòó gàgà, àwọn míì ń kúnlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kúnlẹ̀ yẹn, ẹni tí iṣan ikùn àti ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ló lè gùn ún, torí gbogbo àyà lèèyàn fi ń ti kíráǹkì, kì í ṣe apá nìkan. Alex Zanardi ará Ítálì nìyẹn, ẹni tó ń fi mọ́tò sáré ìdíje tẹ́lẹ̀, tó pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì nínú ìjàǹbá ní ọdún 2001, orí ìkúnlẹ̀ ló ti gba góòlù méjì ní Paralympics, ìyẹn ìdíje eré ìdárayá àgbáyé tàwọn tó ní ìpèníjà ara, ní London lọ́dún 2012, ọmọ ọdún 45 ni nígbà yẹn. Kẹ̀kẹ́ àfọwọ́wà fúnra ẹ̀ ò tíì pẹ́ níbẹ̀ náà, Athens 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ mú un wọ Paralympics. Àmọ́ tí ọ̀pá ẹ̀yìn yín bá fara pa lókè, tí ara ò lè dá dúró, ẹ gbàgbé ìkúnlẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti síìtì kẹ́ ẹ de bẹ́líìtì àyà.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò àfọwọ́wà ṣá. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní pẹ́dàlì dáadáa ló máa lò. Ẹsẹ̀ tó le á máa gbé èyí tó rọ lọ, ìyẹn ni pé ẹ máa de ẹsẹ̀ tó rọ mọ́ pẹ́dàlì tó ní pátákó títí dé ojúgun, kó má baà máa ya síta. Ẹ ní kí wọ́n kó bíréèkì méjèèjì sí abẹ́ ọwọ́ kan, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, àti gíà náà. Ẹni tó ń lo ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí orúnkún ẹ̀ ò ká tó, wọ́n lè gé apá pẹ́dàlì ẹ̀gbẹ́ yẹn kúrú, kí òbìrípo ẹ̀ kéré. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè di nǹkan mú, ìbọ̀wọ́ wà tí wọ́n fi ń de ọwọ́ mọ́ kíráǹkì, àmọ́ ọwọ́ tí wọ́n ti dè ò lè na ìka sí bíréèkì mọ́, torí náà bíréèkì tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yí kíráǹkì sẹ́yìn ló máa mú ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹni tí ò ríran, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì ni, aríran á jókòó síwájú, kò sì gbọdọ̀ panu mọ́, kó máa kígbe pé "kòtò", pé "mo fẹ́ dúró", kí ẹni ẹ̀yìn má kàn máa gbọ́ gbì.

Ọmọdé tó ní cerebral palsy, ìyẹn ìṣòro inú ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè darí iṣan ara ẹ̀ dáadáa, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tí pẹ́dàlì wọn kì í dúró tí táyà bá ṣì ń yí. Ó dáa fún wọn, torí ó ń kọ́ ẹsẹ̀ ní bó ṣe máa lọ tó sì máa bọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá yọ kúrò níbẹ̀, pẹ́dàlì ò ní dúró dè é o, ṣe ló máa gbá a. Ẹ dè é dáadáa.

Ó ti tó kí n sọ bẹ́ ẹ ṣe máa gun kẹ̀kẹ́ gan-an. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí mọ́tò ò gbà kọjá. Ohun àkọ́kọ́, bíréèkì. Mo máa ń ní kí wọ́n wà á ní ìgbésẹ̀ márùn-ún kí wọ́n dúró, márùn-ún míì, kí wọ́n dúró, títí á fi sú wọn. Nígbà tó bá sú yín lẹ ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà la máa wá kọ́ kíkọ kọ́nà, kẹ́ ẹ tó débẹ̀ kẹ́ ẹ ti rọra, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá wà láàárín ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ àyà àti orí sí apá ibi tẹ́ ẹ ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn á gbéra nílẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó ní táyà méjì níwájú tí ìkan wà lẹ́yìn máa ń dúró dáadáa ní kọ́nà ju èyí tó ní ìkan níwájú lọ, ṣùgbọ́n ti táyà kan níwájú máa ń rọrùn láti gùn àti láti sọ̀. Ẹ ti mọ èyí tí mo máa fẹ́ràn.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì láti kékeré, tí àìsàn wá sọ ọ́ di ẹni tó ń gun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, òun ló máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ò gun kẹ̀kẹ́ rí lọ. Bàbá kan tí rọpárọsẹ̀ ṣe, gbogbo ìgbà tí ojú ọ̀nà bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bàbá á darí kẹ̀kẹ́ lọ sínú koríko. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní ẹ má bínú bàbá, ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ ṣubú sí òsì, òsì náà lèèyàn máa ń darí ẹ̀ sí kó lè nàró, ara ti mọ̀ ọ́n láìrò ó. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò fẹ́ ṣubú, ilẹ̀ ló dà, ṣùgbọ́n ara bàbá ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n má wo táyà mọ́, kí wọ́n máa wo igi kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n sì fi ìdí jókòó gbọin-gbọin. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni koríko tó bọ́ lọ́wọ́ bàbá.

Òkè pọ́ńbélé, ẹ sọ gíà kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àfọwọ́wà, táyà iwájú ló ń fà á, ẹ̀yìn ni ìwúwo yín wà, torí náà lórí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn, ó lè máa yí lásán kó má lọ. Ẹ tẹ̀ síwájú tẹ́ ẹ bá lè tẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá lè tẹ̀, ẹ wá ọ̀nà míì jàre.

Ẹ̀yin tí ọ̀pá ẹ̀yìn yín fara pa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ara tí ò mọ nǹkan kan lára kì í ké. Tí ẹsẹ̀ bá bọ́ kúrò níbi tẹ́ ẹ gbé e lé, ilẹ̀ á máa họ ọ́, ẹ ò ní mọ̀, eegun ẹsẹ̀ tí ò gbé ara mọ́ sì máa ń rọ, kò ṣòro kó kán, nítorí náà ẹ de ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀, kẹ́ ẹ wọ bàtà tó bo gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà délé, ẹ fi dígí wo ìdí, egungun ìbàdí àti gìgísẹ̀, ibi tó bá pọ́n, tàbí tó ṣókùnkùn ju awọ yòókù lọ, tí ò lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ títí tó fi máa lọ. Oòrùn náà, tí òógùn ò bá jáde níbi tó pọ̀ lára yín, ara ò lè tu ara ẹ̀ lára, ẹ mú ike omi tó ń fọ́n dání, kẹ́ ẹ máa fọ́n ọn sí ojú àti apá.

Tó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń pè ní T6, ìyẹn egungun kẹfà ọ̀pá ẹ̀yìn níbi àyà, lẹ ti fara pa, tàbí òkè ẹ̀, tí orí bá ṣàdédé ń lù yín kìkì, tí ojú ń gbóná, tí òógùn ń jáde lókè ibi tẹ́ ẹ ti fara pa, ẹ má ní ẹ fẹ́ lo ìyípo kan sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń gòkè lójijì yẹn, ó lè pààyàn. Ẹ dúró, ẹ jókòó gàgà, kí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ tú bẹ́líìtì àti gbogbo ohun tó fún, ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ bóyá ó ti ká tàbí ó ti kún. Tí ò bá lọ kíá, ilé ìwòsàn ni, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ibi tọ́pá ẹ̀yìn yín ti fara pa nìyí, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló máa tètè rò ó síbẹ̀.

Ìyókù ò pọ̀. Akoto, iná iwájú àti ẹ̀yìn ní ọ̀sán gangan, àti àsíá lórí ọ̀pá gígùn, torí ẹni tó ń wakọ̀ ò rí ohun tó wà ní gíga táyà ẹ̀. Fóònù kó wà lára yín, kì í ṣe nínú báàgì tẹ́ ẹ so mọ́ ẹ̀yìn síìtì. Ẹ lè rò pé mo ń ṣàsọdùn, ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀ kẹ́ ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn wò.

Ọ̀gbẹ́ni tó gba atẹ́gùn lọ́jọ́sí náà ṣì ń wá. Ó ti ra àpótí kan tó ń ká, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.