Ayawẹ́: orúkọ tí ó yẹ àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń tú ATP ká nínú ẹ̀jẹ̀

Ó ti sú mi láti máa ka "ajẹ-agbára" nínú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ àwọn ẹ́ńsáìmù (èròjà inú ara tí ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá) tí ń tú ATP (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé agbára kiri) ká nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ohun tí a bá jẹ a máa wọ ikùn. Ikùn ta ni ATP wọ̀? Àwọn mìíràn ní "ìwúkàrà" ni kí a máa pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí "nínú ìwúkàrà" ni Wilhelm Kühne, ará Jámánì, fi sọ ẹ́ńsáìmù lórúkọ. Kí ni ó wá ń wú nínú ẹ̀jẹ̀? Ìtàn orúkọ ni wọ́n túmọ̀, wọn kò túmọ̀ iṣẹ́.

"Ayawẹ́" ni èmi ń pè é. Ẹ wo ìyá olóbì ní ọjà nígbà tí ó bá mú obì aláwẹ́ mẹ́ta: yóò ti èékánná bọ ojú ibi tí awẹ́ méjì ti pàdé, yóò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, awẹ́ kan yóò sì yà; obì ti di aláwẹ́ méjì, ṣùgbọ́n èékánná kò dín, obì mìíràn ni ó kàn. Fọ́sífétì mẹ́ta ni awẹ́ ATP, omi sì ni ayawẹ́ fi ń yà wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ fún mi pé aláwẹ́ mẹ́rin ni a fi ń bọ òrìṣà, mo ti gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ "alàwẹ́", láti inú "là". Bí a kò bá fi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí "aláwẹ́", tí í ṣe obì fúnra rẹ̀?

CD39, ayawẹ́ kan tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ni ó ń ya awẹ́ méjì àkọ́kọ́. CD73, ayawẹ́ mìíràn, ni ó ń ya ti ìkẹyìn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fara pa, ATP inú rẹ̀ yóò tú sínú ẹ̀jẹ̀, aláwẹ́ méjì, ìyẹn ADP, yóò sì máa pe àwọn wóró ẹ̀jẹ̀ tí ń dí ojú ọgbẹ́ jọ. Ó dára lójú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n bí CD39 kò bá tètè ya ADP náà, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbi tí kò sí ọgbẹ́ rárá. Agbára tí ó jáde níbẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ooru lásán ni.

Wọn yóò ní bí a bá ya awẹ́ obì tán, kò sí obì mọ́, ṣùgbọ́n adẹnósìnì, ìyẹn apá ATP tí awẹ́ mẹ́ta náà so mọ́, ṣẹ́kù lẹ́yìn ATP. Òótọ́ ni, àlébù àfiwé mi sì nìyẹn. Adẹnósìnì náà ni ó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí àwọn wóró náà lẹ̀ mọ́ra, títí ẹ́ńsáìmù mìíràn, tí kì í ṣe ayawẹ́, yóò fi sọ ọ́ di èròjà mìíràn tí ń jẹ́ inosine.